Ìdí Kóńgò

Gbólóhùn kan wọ̀ mí létí lálẹ́ ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 2024, ọjọ́ ìdìbò gbogbogbò Ìlú Ọba, kò sì jáde fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Mo gbé e wọ bọ́ọ̀sì, mo gbé e dídìí abọ́ tí mò ń fọ̀, mo gbé e jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí pásítọ̀ ń wàásù lórí nǹkan mìíràn pátápátá. Màmá àgbà kan ló sọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n ní: "Ṣùgbọ́n ẹ óò kọ ọ́ síbì kan pé mo wá, àbí?"

N kò rí èsì fún wọn. Mo ti yí ohun díẹ̀ padà nínú ìtàn wọn kí ẹnikẹ́ni má baà dá wọn mọ̀, ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn, bí wọ́n ṣe bi mí ni mo ṣe kọ ọ́.

## Rúlà àti pẹ́ńsùlù

Akọ̀wé ìdìbò ni mo ṣe lọ́jọ́ náà. Iṣẹ́ òòjọ́ ni, owó rẹ̀ kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ó gùn: ẹ gbọ́dọ̀ ti jókòó kí ilẹ̀kùn tó ṣí ní aago méje òwúrọ̀, aago mẹ́wàá alẹ́ ni ilẹ̀kùn máa tó tì. Àdúgbò tí mo ti ṣiṣẹ́ kì í ṣe àdúgbò tí mò ń gbé. Bọ́ọ̀sì méjì ni mo wọ̀ débẹ̀. Ọ̀gá wa jẹ́ obìnrin òyìnbó kan tí a jọ lè máa ṣe ẹgbẹ́. Ó gbé bísíkíìtì wá nínú agolo ńlá kan, ó ní ebi kì í jẹ́ kéèyàn rí orúkọ dáadáa. Ẹnì kejì mi ló ń fúnni ní ìwé ìdìbò. Èmi ni mo mú ìwé orúkọ dání.

Inú ìwé orúkọ yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Òpópónà sí òpópónà ni wọ́n tò ó, ojúlé sí ojúlé, orúkọ sí orúkọ. Àwọn kan ní lẹ́tà A níwájú orúkọ wọn, ìyẹn ni pé wọ́n ti gba ìwé ìdìbò tiwọn nílé, a ò sì gbọdọ̀ fún wọn ní òmíràn. Àwọn tó kù, bí wọ́n bá dé, wọ́n á sọ ibi tí wọ́n ń gbé, wọ́n á fi ìwé ìdánimọ̀ hàn, èmi á ka orúkọ wọn sókè, màá fi rúlà tẹ́ abẹ́ orúkọ náà, màá sì fi pẹ́ńsùlù fa ìlà kan ṣoṣo. Ìlà yẹn ni Ìlú Ọba ń pè ní "ó jáde dìbò".

Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, mo ti ń ka ojú ewé bí ẹni ń wo oko. Àwọn ilé kan wà tí mo ti fa ìlà kan gbogbo orúkọ inú wọn, bàbá, ìyá, ọmọ. Orúkọ márùn-ún wà ní òmíràn, ẹnì kan péré ló wá. Ó dà bí oko tí alágbàṣe ro poro méjì níbí, tó wá fo mẹ́rin lọ́hùn-ún, tí olóko kò sì mọ̀ bóyá ọ̀lẹ ni tàbí ejò ló rí.

Àwọn èèyàn wa wá. Bọ̀dá kan fa pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà yọ pẹ̀lú ìbẹ̀rù, bí ẹni pé a máa dá a padà. A gbà á tayọ̀tayọ̀. Òfin ọdún 2022 tó sọ ìwé ìdánimọ̀ di dandan gba pásípọ́ọ̀tù gbogbo orílẹ̀-èdè tó wà nínú Commonwealth. (Ohun tí kò yé mi nínú òfin kan náà ni pé káàdì bọ́ọ̀sì àwọn àgbàlagbà kún ojú ìwọ̀n, ṣùgbọ́n káàdì bọ́ọ̀sì akẹ́kọ̀ọ́ kò kún un. Fọ́tò ni ó wà lórí méjèèjì.)

## Fọ́tò orí WhatsApp

Aago mẹ́jọ ti kọjá díẹ̀ nígbà tí màmá náà wọlé. Bùbá àti ìró àńkárá ni wọ́n wọ̀, wọ́n fi kádígàn aláwọ̀ eérú lé e. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kí wa. Ó ṣe kòńgẹ́ pé mo ń ka orúkọ ẹni tó ṣáájú wọn sókè, orúkọ Yorùbá kan, mo sì gbé àmì ohùn sí i bó ti yẹ. Bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ, ojú wọn là.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ọmọ wa ni yín?"

"Bẹ́ẹ̀ ni mà. Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà."

"Ibo ni nílé?"

"Ìjẹ̀bú-Igbó ni mà."

"Háà, Ìjẹ̀bú! Ó dáa, ọmọ mi, bá mi wá orúkọ mi kíákíá, ọmọ wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ lọ wẹ̀."

Wọ́n sọ ojúlé. Mo ṣí ojú ewé. Orúkọ méjì ló wà níbẹ̀, kò sí tiwọn. Mo wo ojúlé òkè, mo wo ti ìsàlẹ̀. Ọ̀gá wa pe káńsù lórí fóònù, nítorí pé bó bá jẹ́ àṣìṣe akọ̀wé ni, wọ́n lè tún un ṣe títí di aago mẹ́sàn-án alẹ́ ọjọ́ ìdìbò. Wọ́n wò ó lọ́hùn-ún. Kì í ṣe àṣìṣe akọ̀wé.

Màmá bá yọ fóònù jáde, wọ́n fi ìka kan ṣoṣo yí ojú rẹ̀ lọ, yí i bọ̀, títí wọ́n fi kan ohun tí wọ́n ń wá. Fọ́tò káàdì ìdìbò ni, ọmọ wọn ọkùnrin ló yà á ránṣẹ́. Orúkọ wọn wà lórí rẹ̀ gàdàgbà, nọ́ńbà wọn wà níbẹ̀, orúkọ ibùdó ìdìbò náà wà níbẹ̀: Manchester ni. Lọ́dọ̀ ọmọ yẹn ni wọ́n ti ń gbé títí di oṣù Kìíní, kí ọmọ wọn obìnrin tó bímọ sí Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n sì wá wẹ ọmọ fún un. Oṣù kan di méjì, ó di mẹ́fà. Wọ́n ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà níbí. Wọ́n ti ní ṣọ́ọ̀ṣì níbí. Ohun tí kò wá sí wọn lọ́kàn ni pé ẹsẹ̀ ló gbé wọn wá, orúkọ kò tẹ̀ lé wọn.

"Ṣebí ìdìbò gbogbo ìlú ni? Ṣé ìlú Manchester kì í ṣe ìlú Ọba kan náà ni?"

Mo ṣàlàyé pé aṣòfin àdúgbò kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń yàn, pé ibi tí orúkọ bá wà nìkan ni èèyàn ti lè dìbò, pé ọjọ́ 18 oṣù Kẹfà ni ìforúkọsílẹ̀ ti parí. Wọ́n wo aago ara ògiri. Èmi náà wò ó. Kò sí ọkọ̀ ojú irin tó lè gbé wọn dé Manchester kí aago mẹ́wàá tó lù. Wọ́n dá pásípọ́ọ̀tù aláwọ̀ ewé wọn padà sínú ọ̀rá, wọ́n dì í, wọ́n fi sí báàgì. Wọ́n kò jà, wọ́n kò kùn. Wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n yíjú padà, wọ́n wá sọ gbólóhùn yẹn.

Ẹ kíyè sí i pé "ẹ" ni wọ́n tún lò. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí a jọ sọ lẹ́yìn ti Ìjẹ̀bú, "ìwọ" ni mo jẹ́, ọmọ wọn. Níbi ìbéèrè yẹn, kì í ṣe èmi ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ mọ́. Tábìlì ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀, àti ẹni tó gbé tábìlì kalẹ̀.

Tábìlì kò ní ibi tó lè kọ ọ́ sí. Fọ́ọ̀mù kan wà fún àwọn tí orúkọ wọn wà ṣùgbọ́n tí wọn kò mú ìwé ìdánimọ̀ tó yẹ wá. Iye wọn la ń kọ sílẹ̀, ìdí nìyẹn tí Electoral Commission, àjọ tó ń mójú tó ètò ìdìbò, fi lè sọ lẹ́yìn náà pé nǹkan bí 16,000 èèyàn ló padà sílé lọ́jọ́ yẹn tí wọn kò sì tún wá mọ́. Ká ní orúkọ màmá wà, tó jẹ́ pé pásípọ́ọ̀tù ni wọ́n gbàgbé sílé, wọn ì bá ti di oókan nínú fọ́ọ̀mù. Wọ́n mú ìwé ìdánimọ̀ dání. Orúkọ ni kò sí. Nínú gbogbo bébà tó wà níwájú mi, n kò rí ojú ìlà fún irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Èyí tó wá ká mi lára jù ni pé akọ̀wé kan wà ní Manchester lálẹ́ ọjọ́ yẹn pẹ̀lú rúlà bíi tèmi. Orúkọ màmá wà níwájú rẹ̀, kò sì rí ẹni fa ìlà lé. Lọ́dọ̀ tirẹ̀, wọ́n ti ka màmá: wọ́n kà wọ́n mọ́ àwọn tó jókòó sílé.

## Kóńgò ìyá ìyá mi

Gààrí ni ìyá ìyá mi tà títí wọ́n fi darúgbó. Gààrí Ìjẹ̀bú, èyí tó kan tó sì kúnná. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti mọ̀ pé oníbàárà tó mọ ọjà kì í wo orí kóńgò, bó ti wù kí gààrí ga lórí rẹ̀ tó bí òkè Olúmọ. Ó máa yí kóńgò dojú dé, ó máa tẹ ìdí rẹ̀ wò. Àwọn òntajà kan wà tí wọ́n máa ń fi òkúta lu ìdí rẹ̀ wọnú.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìròyìn kan ló gba orí afẹ́fẹ́: 59.7% ló jáde. Láti ọdún 2001 tí ó jẹ́ 59.4%, kò tíì burú tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n rán wa létí pé 83.9% ni lọ́dún 1950. Ká tó jẹun àárọ̀ tán, àwọn alálàyé orí tẹlifíṣọ̀n ti fún ọmọ lórúkọ: àìbìkítà. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n ta ni yóò wo ilé láago mẹ́fà àárọ̀ nígbà tí olórí ìjọba tuntun ń bọ̀ wá sọ̀rọ̀?

Ẹ jẹ́ ká tẹ ìdí kóńgò wò. Ìbò mílíọ̀nù 28.8 ni wọ́n pín sí orúkọ mílíọ̀nù 48.2. Orúkọ ni mo sọ, n kò sọ èèyàn. Akẹ́kọ̀ọ́ lè ní orúkọ nílé bàbá rẹ̀, kó tún ní òmíràn níbi tó ti ń kàwé, òfin fàyè gbà á, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ló lè dìbò sílé aṣòfin. Ìdí èyí, bó bá dìbò, ó jáde, ó sì tún jókòó sílé. Orúkọ ẹni tó kó lọ ṣì wà nínú ìwé. Nígbà tí Electoral Commission yẹ ìwé orúkọ wò lọ́dún 2022, wọ́n rí i pé nínú 100 èèyàn tó lẹ́tọ̀ọ́ láti wà níbẹ̀, 86 péré ni orúkọ wọn wà bó ti yẹ. Nínú 100 orúkọ tó sì wà níbẹ̀, 88 ló péye. Èyí túmọ̀ sí pé ìdí kóńgò wọnú, òkúta sì tún wà nínú gààrí. Àwọn tó ṣẹ́ kù síta tó mílíọ̀nù méje sí mẹ́jọ. Bí ẹ bá fi gbogbo àgbà tó ń gbé ìlú náà pín ìbò yẹn, díẹ̀ ni èyí tó jáde yóò fi ju ìdajì lọ.

Àwọn wo ló ṣẹ́ kù síta? Èyí ni mo kà tí mo fi pa kọ̀ǹpútà dé fúngbà díẹ̀. Nínú àwọn tó ti sanwó ilé wọn tán, 95% ni orúkọ wọn wà bó ti yẹ. Nínú àwọn tó ń gba ilé lọ́wọ́ lańdílọ́ọ̀dù, 65%. Nínú àwọn tí kò tíì pé ọdún kan níbi tí wọ́n ń gbé, 39%. Ẹ bi ara yín pé ta ló ń kó kiri jù ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ní yàrá kan ní Peckham, tí lańdílọ́ọ̀dù fowó lé ilé, tó kó lọ Thamesmead, tó bímọ, tó kó lọ Dagenham. Ibikíbi tó bá dé, bíìlì owó orí káńsù máa bá a níbẹ̀ kó tó ra kọ́tìnnì. Orúkọ ìdìbò ni kò ní í tẹ̀ lé e àfi bó bá fúnra rẹ̀ fà á.

Títí di ọdún 2014, olórí ilé kan ló máa ń kọ orúkọ gbogbo ará ilé sínú fọ́ọ̀mù. Láti ìgbà náà, oníkálukú ló ń kọ tirẹ̀. N kò ní purọ́, mo fara mọ́ ìyípadà yẹn. Mo mọ baálé ilé tí kò ní kọ orúkọ ìyàwó rẹ̀ tí wọ́n bá jà lọ́sẹ̀ yẹn. Àmọ́ káńsù tó mọ̀ pé mo kó dé láti gbowó lọ́wọ́ mi kò lè sọ pé òun ò mọ̀ pé mo kó dé láti jẹ́ kí n dìbò.

N kò sọ pé gbogbo àwọn tí kò ní ìlà lórí orúkọ wọn ló fẹ́ wá tí ọ̀nà kò là fún wọn. Púpọ̀ nínú wọn ò fẹ́ wá. Àwọn kan gbà pé ẹni tí yóò wọlé ní àdúgbò wọn ti wọlé láti ìgbà ayé bàbá wọn. Àwọn kan bínú. Àwọn kan sùn lọ. Gbogbo aláǹgbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Ìwé orúkọ kò ní àmì fún inú rírun.

## Ẹni tó wá sípàdé

Àwọn olùwádìí mọ èyí ju èmi lọ. Láti ìdìbò ọdún 1964 ni British Election Study ti ń bi ará ìlú léèrè lẹ́yìn ìdìbò, ó sì pẹ́ tí wọ́n ti rí i pé iye àwọn tó ń sọ pé àwọn dìbò máa ń ju iye ìbò lọ. Ojú máa ń ti èèyàn. Ìyẹn ni wọ́n ṣe máa ń lọ wo ìwé orúkọ tí wọ́n ti fa ìlà sí, kí wọ́n lè mọ ẹni tó wá lóòótọ́. Nígbà tí mo kà á, mo rántí gbogbo ìlà tí mo fi oorun fà ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, àyà mi já díẹ̀.

Ẹ rántí ọdún 2017. Ariwo ta pé àwọn ọ̀dọ́ ti ya jáde bí omi, wọ́n ní òun ni kò jẹ́ kí ẹgbẹ́ Theresa May, olórí ìjọba nígbà náà, ní ìjókòó tó ju ìdajì ilé lọ mọ́. Oxford Dictionaries mú "youthquake", ìyẹn ìmìtìtì tí àwọn ọ̀dọ́ fà, ṣe ọ̀rọ̀ ọdún. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2018, àwọn British Election Study yẹ àkọsílẹ̀ tiwọn wò, wọ́n ní àwọn kò rí yíya kankan. Ṣáájú ìdìbò ọdún 2015, àwọn oníwàádìí èrò ará ìlú ti sọ pé Cameron, olórí ìjọba nígbà náà, àti Miliband, olórí ẹgbẹ́ alátakò, jọ ń sáré lọ́gbọọgba, Cameron sì lọ borí pẹ̀lú ìjókòó tó ju ìdajì ilé lọ. Ìgbìmọ̀ tí wọ́n gbé kalẹ̀ láti wádìí àṣìṣe yẹn, tí Patrick Sturgis darí, sọ lọ́dún 2016 pé àwọn tí wọ́n bi léèrè kò jọ ìlú. Lára ohun tó fà á ni pé ẹni tí ọ̀rọ̀ òṣèlú ń dùn mọ́ ló máa ń jókòó dáhùn ìbéèrè nípa òṣèlú. Bí ìgbà tí ẹ lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ni, tí ẹ bi àwọn tó wà níjòókòó pé ṣé wọ́n máa ń wá sípàdé.

Bí nọ́ńbà tí màmá yẹn ò mọ̀ bá pè wọ́n, wọn kò ní gbé e. Gbájúẹ̀ ni wọ́n á kà á sí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ èrò wọn, àfi kó wá wẹ ọmọ pẹ̀lú wọn.

Ìwádìí kan wà tí mo fẹ́ràn, ti Hansard Society, ẹgbẹ́ kan tó ń ṣèwádìí nípa ilé aṣòfin, tí wọ́n gbé jáde láti ọdún 2004 títí di ọdún 2019. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú rẹ̀ ni pé kò dúró sórí ìdìbò: ó béèrè bóyá ẹ rò pé ohùn yín ń dé ibì kan. Lọ́dún 2019, 47% sọ pé àwọn kò ní ipá kankan rárá lórí ìpinnu tí wọ́n ń ṣe fún orílẹ̀-èdè. 72% ní ọ̀nà tí wọ́n fi ń ṣèjọba nílò àtúnṣe púpọ̀. Ìyẹn kì í ṣe ohùn aláìbìkítà. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kò kàn kì í bínú.

## Abẹ́òkúta àti Kétu

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀. Ọmọ Abẹ́òkúta tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú físà tó péye lè dìbò yan aṣòfin láìtíì di ọmọ ìlú Ọba, nítorí pé Nàìjíríà wà nínú Commonwealth. Ọmọ Kétu tó ti Benin wá, tí wọ́n jọ ń gbé ojúlé kan, tí wọ́n jọ ń jẹ ẹ̀kọ kan náà, kò lè ṣe é. Bí ọmọ Kétu yìí bá kó lọ Glasgow, ó lè dìbò sí ilé aṣòfin Scotland, nítorí òfin ibẹ̀ lọ́dún 2020 gba gbogbo ẹni tó ń gbé níbẹ̀ lọ́nà ẹ̀tọ́, ṣùgbọ́n kò lè dìbò sí Westminster, ilé aṣòfin gbogbo Ìlú Ọba. Ìlà kan tí òyìnbó fà sáàárín Kétu àti Ìmẹ̀kọ ní ayé àtijọ́ ló ń pinnu ta ló wà nínú kóńgò ní Lọ́ńdọ̀nù lónìí.

## Òdo

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2012, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dìbò yan kọmíṣánnà ọlọ́pàá ní England àti Wales, kò sí ẹnì kan ṣoṣo tó dìbò ní ibùdó kan ní Bettws, nílùú Newport. Àwọn akọ̀wé jókòó láti àárọ̀ dalẹ́, wọ́n tẹ́ ìwé, wọ́n gbẹ́ pẹ́ńsùlù, àpótí ṣófo. Gbogbo ìwé ìròyìn ló gbé e. Mo máa ń ronú kan àwọn akọ̀wé yẹn. Òdo ni wọ́n rí, wọ́n kọ òdo, òdo yẹn ṣì wà nínú ìtàn di báyìí.

Ní ibùdó tiwa, aago mẹ́wàá lù, ọ̀gá wa ti ilẹ̀kùn. Ó ka ìwé ìdìbò tó ṣẹ́ kù, ó ka èyí tó bàjẹ́, ó yọ wọ́n kúrò nínú iye tí wọ́n kó fún wa láàárọ̀, ó wo iye tó yẹ kó wà nínú àpótí. Ó tún un kà. Ó pé géérégé, kò lé ẹyọ kan, kò dín ẹyọ kan. Inú rẹ̀ dùn, ó fún mi ní bísíkíìtì tó kù. A di ìwé orúkọ sínú àpò rẹ̀, a fi èdìdì sí i.

Inú bọ́ọ̀sì kejì ni mo wà nígbà tó sọ sí mi lọ́kàn. Mo ní kí n béèrè fún ìwé ìdìbò tí wọ́n máa ń fi ránṣẹ́ sílé, kí n lè rí àyè ṣiṣẹ́. Mo sún un síwájú, ọjọ́ 19 oṣù Kẹfà kọjá lórí mi. Wákàtí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo fi jókòó ti àpótí ìdìbò. Ní ibùdó àdúgbò tèmi, ẹlòmíràn tó mú rúlà dání ti ti ìwé tirẹ̀ dé, orúkọ mi wà nínú rẹ̀, kò sí ìlà lórí rẹ̀.